Igbó Nísàlẹ̀, Òjò Dídì Lókè: Ohun tí A Rí Lórí Òkè Kilimanjaro

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Allāhu ni, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa, tí ó sì gbé àwọn òkè ńláńlá kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo Sàhábé rẹ̀. 

Ọmọ kéwú tí ó bá ti wọ Sabbi ti ka Sura Al-Ghāshiya kọjá. Nínú Sura yìí ni Ọlọ́hun ti pe ènìyàn kí ó wo ohun mẹ́rin: ràkúnmí, sánmà, àwọn òkè àti ilẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń kà á lórí, ohùn wọn a sì máa dùn létí. Ṣùgbọ́n kíkà ni kíkà, wíwò ni wíwò. Nínú ohun mẹ́rin wọ̀nyí, òkè ni a rò pé a ti mọ̀ tán nílẹ̀ wa, nítorí pé a ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta, a sì ní Òkè Ìdànrè. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Òkè tí ó ga jùlọ ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Taraba, ga tó nǹkan bí 2,419 mítà. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, àwa olùkọ́ kéwú mẹ́rin láti ilẹ̀ Yorùbá wà ní orílẹ̀-èdè Tanzania fún ìpàdé kan lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní èdè Lárúbáwá. Nígbà tí ìpàdé náà parí, a fi ohùn ṣọ̀kan pé a óò lo ọjọ́ mẹ́fà lórí Òkè Kilimanjaro. Mẹ́ta nínú wa ti tó ọmọ 50 ọdún tàbí kí á lé díẹ̀. Ẹnì kẹrin, tí í ṣe àbúrò wa, kò tíì pé 30 ọdún. Òun ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù láàárín wa, nítorí pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í sáré. Ó ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé òun yóò mú fọ́tò góńgó òkè náà bọ̀ wá fún wọn.

Àríwá ìlà-oòrùn Tanzania ni Kilimanjaro wà, kò jìnnà sí ẹnubodè Kenya. Òkè oníná ni. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó pọ̀ ọ́ jáde láyé àtijọ́. Orí mẹ́ta ni ó ní. Èkíní ni Shira, tí ó dàgbà jù, tí ó sì ti wó lulẹ̀. Èkejì ni Mawenzi, tí ó ga ní 5,149 mítà. Ẹ̀kẹta ni Kibo, òun ni ọba wọn. Góńgó orí Kibo, tí wọ́n ń pè ní Uhuru, ga ní 5,895 mítà, kò sì sí ibi tí ó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Òmìnira ni Uhuru túmọ̀ sí ní èdè Swahili. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a ń pè ní "hurr", ẹni tí kì í ṣe ẹrú, ni wọ́n ti fà á yọ. Nígbà tí Tanganyika gba òmìnira ní oṣù kejìlá ọdún 1961, ọmọ ológun kan, Alexander Nyirenda, gbé iná ògùṣọ̀ dé ibẹ̀.

Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù nípa òkè yìí ni òjò dídì tí ó wà lórí rẹ̀. Ìlà tí ó pín ayé sí méjì, níbi tí oòrùn ti ń mú janjan, kò ju nǹkan bíi dígírì 3 sí i lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1848, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Johannes Rebmann, rí ohun funfun lórí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì kọ̀wé sílé pé òjò dídì ni. Àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ojú ni ó tàn án. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àríyànjiyàn náà fi ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Chagga, tí wọ́n ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè náà, ti ń wo funfun yìí ní àràárọ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: kí á tó jiyàn lórí ohun kan, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi onílé.

Ìlú Marangu ni a gbà wọlé. Oko àwọn Chagga ni a kọ́kọ́ la kọjá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ lókè, kọfí lábẹ́ ìbòòji rẹ̀, omi sì ń ṣàn ní ojú àwọn poro tí àwọn baba ńlá wọn ti là láti òkè wá. Òfin ìjọba ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òkè náà láìní amọ̀nà tí ó gba ìwé àṣẹ. Amọ̀nà tiwa jẹ́ ọmọ Chagga, ẹlẹ́sìn Kírísítì, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí ó ti lé ní 40 ọdún. Kò sí ìgbà tí àkókò ìrun tó tí kò dúró dè wá, òun fúnra rẹ̀ a tilẹ̀ máa rán wa létí. Àwọn alábàárù sì bá wa lọ. Ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ. Ojú wa ni wọ́n fi gbé wọn lé òṣùwọ̀n ní ẹnu ọ̀nà. Láàárín ara wa, a jọ sọ ọ́ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa, a sì rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀.

"Pole pole" ni amọ̀nà wa ń sọ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ni pé kí á máa rìn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A sọ fún un pé ní ilẹ̀ wa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Ó rẹ́rìn-ín títí. Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè wéra. Ohun tí àwa ń pè ní wákàtí, òun ń pè é ní "wakati", àkókò sì ni ó túmọ̀ sí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Dúníyàn tiwa, "dunia" ni tirẹ̀. Àláfíà tiwa, "afya" ni tirẹ̀, ìlera ni wọ́n fi ń jẹ́. Àwọn tí wọ́n mú èdè Lárúbáwá gba Sàhárà dé ọ̀dọ̀ wa, àti àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kò mọ ara wọn rí. Síbẹ̀, àwa àti ọmọ Chagga kan pàdé nínú igbó, a sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà bá ara wa sọ̀rọ̀.

Igbó ni ọjọ́ kìíní. Ẹ má ṣe rò pé igbó bíi tiwa ni. Tútù ni, kùrukùru sì ń rìn láàárín igi bí ẹni ń wá ọ̀nà ilé. Àwọn igi ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta sánsán bíi káfúrà. Ohun eléwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń ṣẹ́ lára ẹ̀ka wọn bí irùngbọ̀n arúgbó. Ẹdun ń fò lókè orí wa, dúdú pẹ̀lú irun funfun gígùn tí ó bò ó lẹ́yìn bí ìbora. Òdòdó pupa kékeré kan wà lẹ́bàá omi. Amọ̀nà sọ fún wa pé kò hù níbòmíràn láyé àyàfi lórí òkè yìí. A sùn ní Mandara, nǹkan bí 2,700 mítà, òtútù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ egungun wa.

Ní ọjọ́ kejì, igbó tán. Igi kúrú, ó di igbó ṣúúrú, títí tí a fi dé Horombo ní nǹkan bí 3,700 mítà. Ibẹ̀ ni a ti lo òru méjì, kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, a lọ wo àpáta ńlá kan tí ìlà dúdú àti ìlà funfun fà sí lára láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn ni ó fi ọ̀dà kùn ún. Gbogbo wa dákẹ́. Sura Fātir, āya 27, ni ó wá sí ọkàn wa lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí Ọlọ́hun ti mẹ́nu kan àwọn ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi lára àwọn òkè. A ti ń túmọ̀ āya yìí fún àwọn ọmọ láti ìgbà tí a ti ń kọ́ni. Ọjọ́ náà ni ojú wa rí i.

Igi kan tún wà níbẹ̀ tí a kò jẹ́ gbàgbé. Ó ga ju ènìyàn lọ dáadáa, ewé tútù sì wà lórí rẹ̀ nìkan. Bí ewé rẹ̀ bá kú, kì í já bọ́. Ara igi náà ni ó máa ń lẹ̀ mọ́, tí yóò sì di aṣọ òtútù fún un. Òmíràn sì wà tí í máa ń pa ewé rẹ̀ dé ní alẹ́, bí ìyá tí ó di ọmọ mọ́ra, kí yìnyín má baà pa ọ̀mùnú inú rẹ̀. Ta ni ó kọ́ wọn? Ẹni tí ó dá wọn ni.

Ọ̀rọ̀ ìrun ńkọ́? Arìnrìn-àjò ni wá, nítorí náà a ń ké ìrun kúrú: Àìlà rákà méjì, Àlàásárì rákà méjì, Ìṣáì rákà méjì. Níbi tí omi ti tutù débi tí ó lè ṣe ara ní jàǹbá, a ṣe tàyàmámù. Níbi tí a sì ti lè ṣe àlúwàlá, a fi ọwọ́ tútù pa orí ìbọ̀sẹ̀ wa, nítorí pé ẹ̀sìn fún arìnrìn-àjò ní ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìrọ̀rùn wọ̀nyí tí a ń kà nínú ìwé fíkíhì, tí àwọn ọmọ wa ń rò pé ti àwọn ará aṣálẹ̀ nìkan ni, ibẹ̀ ni a ti mọ iyì wọn. Ohun kan tún wà. Nílé, ìhà ìlà-oòrùn ni a ń kọjú sí. Ṣùgbọ́n lórí Kilimanjaro, àríwá gan-an ni Mẹ́kà wà. Nígbà tí a dìde kírun ní Horombo, Mawenzi ń yọrí ṣóńṣó ní ìhà iwájú wa. Ẹni tí ó bá rí wa lókèèrè lè rò pé òkè ni a ń forí balẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó ni òkè ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, a la pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà láàárín Mawenzi àti Kibo kọjá. Ibẹ̀ dà bí aṣálẹ̀: òkúta, yanrìn, atẹ́gùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ewéko kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ a dé ilé Kibo, ní nǹkan bí 4,700 mítà. Orí ń fọ́ gbogbo wa díẹ̀díẹ̀, amọ̀nà sì ní bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí. Ó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa wò, ó ní kí á sùn díẹ̀, kí á dìde ní ọ̀gànjọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé ohun tí ó ń fa orí fífọ́ yìí. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kì í dín ní ìdá 21 nínú 100, ìbáà jẹ́ ní Èkó tàbí lórí Kibo. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Lórí góńgó Uhuru, ohun tí ènìyàn ń mí sínú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì èyí tí ó ń mí ní etí òkun. Bí ara kò bá tíì mọ́ ọn, orí a fọ́, èébì a gbé ènìyàn, oorun a dá. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi lè dà sínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ọpọlọ wú, onítọ̀hún a sì máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Agbára kò ní í ṣe nínú rẹ̀. Ó lè mú ọ̀dọ́ kí ó fi àgbà sílẹ̀. Oògùn rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó dájú ni pé kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ kíákíá.

Ọ̀gànjọ́ òru ni a gbéra, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná lórí. Ẹsẹ̀ kan, èémí mẹ́ta. Sura Al-An'ām, āya 125, fi àyà tí ó há mọ́ ẹni tí kò gba ìmọ̀nà wé ti ẹni tí ó ń gun sánmà lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi kọ́ ọmọ ní āya yìí, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ náà ni èémí tiwa fúnra wa ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa. Nígbà tí a kọjá 5,000 mítà díẹ̀, àbúrò wa bì lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún rìn díẹ̀, ó ṣubú. A bi í ní ìbéèrè kan, ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn dáhùn. Amọ̀nà fi igi fa ìlà sórí yanrìn, ó ní kí ó máa to ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Kò lè rìn ín. Amọ̀nà ní, "Ìsàlẹ̀, nísinsìnyí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó di ẹ̀wù wa mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá mi padà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ? Bí mo bá kú sórí òkè, ṣebí àmúwá Ọlọ́hun ni." A dá a lóhùn pé, "Àbúrò, ẹ̀mí rẹ kì í ṣe tìrẹ. Àmánà ni. Ẹni tí ó fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ kò ní kí o fi ta fọ́tò." Òfin ẹ̀sìn wa fi dídáàbò bo ẹ̀mí sí ara àwọn ohun márùn-ún tí Ṣàríà wà fún; fọ́tò kò sí níbẹ̀. Ó di dandan kí àgbà kan bá a sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú igbákejì amọ̀nà, kí àwọn méjì yòókù lè máa bá amọ̀nà lọ. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni a bá a sọ̀kalẹ̀. Nǹkan bí 700 mítà ni ó kù kí á dé góńgó. A kò kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni òjò dídì ti bá wa. Kò dún bí òjò tiwa. Ó ń já bọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó ń bà lé ejìká ọ̀dọ́mọkùnrin náà tí a fi apá gbé. A na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó sì yọ́ kí á tó wò ó dáadáa. Nígbà tí a dé Horombo ní òwúrọ̀, tí a ti fi 1,000 mítà sílẹ̀ sẹ́yìn ilé Kibo, ojú rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò, ó sì bèèrè oúnjẹ. A wólẹ̀, a dúpẹ́. Ní ọ̀sán, àwọn méjì yòókù dé. Wọ́n ti kírun Àsùbáà ní Gilman's Point, ní 5,685 mítà, kí oòrùn tó yọ láti ẹ̀yìn Mawenzi, wọ́n sì dé Uhuru. Wọ́n mú fọ́tò bọ̀. Àbúrò wa gbà á lọ́wọ́ wọn, ó wò ó, ó ní, "Èmi yóò sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n yà á." Ọ̀rọ̀ yìí wú wa lórí ju góńgó lọ.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ òjò dídì yìí kò tíì tán. Ní ọdún 1912, yìnyín tí ó bo orí Kilimanjaro tó nǹkan bí kìlómítà 12 níbùú lóòró. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2007, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 rẹ̀ ti lọ. Ayé ń gbóná, afẹ́fẹ́ òkè náà gbẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òjò dídì tuntun kò sì tó èyí tí ń lọ mọ́. Ní ọdún 2022, àjọ UNESCO kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí yìnyín ibẹ̀ tán pátápátá kí ó tó di ọdún 2050. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé-kéwú wa lónìí lè dàgbà kí wọ́n má bá a.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí yìnyín bá tán, omi àwọn Chagga tán nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀: igbó ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú òjò òkè náà, tí ó ń mu ún bí kànìnkànìn, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún odò àti oko. Ohun tí ayé ń rìn wá wò ni funfun orí rẹ̀. Ohun tí ó ń fún ènìyàn lómi ni igbó tútù tí a là kọjá ní ọjọ́ kìíní, tí a kò yà ní fọ́tò púpọ̀. Igbó náà ni iná sì ń halẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná jó lórí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó tún jó ní ọdún 2022.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú àwùjọ wa. A máa ń pe orúkọ ẹni tí ó wà ní góńgó, a kì í sì rántí ìyá tí ó jí ọmọ fún Àsùbáà, alábàárù tí ó ru ẹrù, olùkọ́ kéwú abẹ́ igi mángòrò tí ó kọ́ni ní alífù. Àwọn ni igbó. Ẹ má jẹ́ kí iná jó wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rìn, ẹ wo ilẹ̀ Ọlọ́hun. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ Tanzania. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Olúmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gòkè, ẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má sì ṣe dé góńgó kí ẹ fi ọmọ ìyá yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àti ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá padà wálé láìdé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n tí ó padà pẹ̀lú ẹ̀mí àti ìwà rẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ẹ̀rín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí ó ń ríran àti ọkàn tí ó ń ronú. Kí Ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yẹ̀ ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀. Āmīn. Wa billāhi tawfīq.